Ebi Ló Ń Pa Kànrìnkàn Òkun Nínú Táńkì

Omi tó mọ́ jù kọ́ ni kànrìnkàn òkun tí ẹ ń sìn nínú táńkì ẹja omi iyọ̀ ń wá. Ẹranko ni, kì í ṣe ewéko: ó ń fa omi wọlé láti àwọn ihò ara rẹ̀, ó sì ń sẹ́ bakitéríà àti ohun wẹ́wẹ́ tójú ò rí jẹ. Bí ẹ bá sẹ́ gbogbo ẹ̀ kúrò nínú omi, díẹ̀díẹ̀ ni á máa sún kì, ẹ ò sì ní tètè mọ̀.

Nitrate àti phosphate ni èròjà tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù wá. Ẹ jẹ́ kí nitrate wà láàárín 5 sí 10 ppm (mílígíráàmù nínú lítà omi kan), kí phosphate wà ní 0.03 sí 0.1 ppm. Ẹ má jẹ́ kó di òdo o.

Ẹ má da omi kànga Òṣogbo sí i bẹ́ẹ̀; ẹ fi ẹ̀rọ RO, tó ń yọ ohun tó ti yòrò sínú omi, sẹ́ ẹ, kí ẹ tó po iyọ̀ òkun títí yóò fi di 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílógíráàmù omi iyọ̀ kan).

Fún oúnjẹ, ẹ fi mílílítà 5 phytoplankton (ewé omi wẹ́wẹ́ tójú ò rí) sí lítà omi 100, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lálẹ́. Ẹ pa skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi, fún wákàtí kan, àmọ́ kí pọ́ǹpù tó ń ru omi máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún nitrate àti phosphate inú omi wọ̀n kí ẹ tó fi kún oúnjẹ náà. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má bọ́ ọ rárá, torí ọ́síjìn inú omi á tètè tán.

Èyí tó ń dùn mí jù: ẹ má gbé e jáde kúrò nínú omi, kódà fún ìṣẹ́jú kan! Afẹ́fẹ́ á há sínú ihò rẹ̀, ibẹ̀ á funfun, á sì jẹrà. Abẹ́ omi ni kí ẹ ti kó o sínú ike. Bó bá ti ń jẹrà, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi, kí ammonia, májèlé tó ń ti ara ohun tó ń jẹrà jáde, má baà pa àwọn ẹja.