Ìjà ọjọ́ íntáháòsì, orí okùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀

Bí táàmù kejì bá ti wọlé, àwọn girama ìjọba tó wà lápá Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta níbí á bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko pápá. Ọ̀rọ̀ tẹ́ǹtì àti àlejò ló máa ń gbẹnu gbogbo ènìyàn. Ta ló ń rántí ìlà pápá, àfi ìgbà tí bàbá ọmọ kan bá fò dìde pé wọ́n rẹ́ ọmọ òun jẹ?

Ilẹ̀ kì í sábà gba pápá 400 mítà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú 200. Ẹ kan èèkàn méjì, kí àyè àárín wọn jẹ́ 50 mítà. Okùn mítà 15.72 láti ara èèkàn ni ẹ óò fi yí kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n eré kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà gan-an. Sẹ̀ǹtímítà 20 sí ìlà inú ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Okùn ọ̀rá máa ń fà, ẹ lo wáyà. Èèkàn igi náà kò ní wọ ilẹ̀ olókùúta wa yìí, ọ̀pá irin ni kí ẹ wá.

Ibi ìjà rèé. Bí léènì bá fẹ̀ tó mítà 1.22, ẹ fi 6.283 sọ ọ́ di púpọ̀: 7.67. Nínú eré ìyíká kan, iye yẹn ni ẹni léènì kejì fi gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹni àkọ́kọ́. Ẹni ẹ̀kẹfà á wà ní mítà 38.33 níwájú. Bí pápá ṣe tóbi tó kò kàn án rárá, fífẹ̀ léènì nìkan ni. Ọmọ SS1 lè ṣírò rẹ̀, síbẹ̀ àwọn àgbà á máa fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ẹfun ni kí ẹ fi fa ìlà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú máa ń pa koríko. Ní ti rílè 4×100, 30 mítà ni ibi ìgbọ̀pá báyìí, kì í ṣe 20 mọ́, ibi tí ọ̀pá wà ni adájọ́ ń wò, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Àsíá àwọn ilé ńkọ́? Ìlú tó ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, kò yẹ kó máa tẹ àsíá sórí ọ̀rá. Ẹ gbé e fún àwọn ọmọ ọnà kí wọ́n fi àdìrẹ ṣe é. Kí wọ́n tó ra aṣọ, kí wọ́n fa fọ́nrán kan yọ, kí wọ́n ṣáná sí i: èyí tó di eérú, tó ń rùn bíi bébà tó jó, òwú ni, èyí tó yọ́ di kókó líle, aró kò ní mú un. Àbẹ́là yíyọ́ tí wọ́n fi ń dí ibi tí aró kò gbọ́dọ̀ dé lára aṣọ gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa. Bó bá ti tutù, orí aṣọ lásán ló máa jókòó sí, aró á sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ yí aṣọ padà: bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá rí bíi bébà tí òróró kán sí, ẹ tún un fi sí i.

Kọ́sítíìkì, sódà líle tí wọ́n fi ń po aró, ni kí olùkọ́ dà sínú omi, kó má da omi sórí kọ́sítíìkì láé, torí á hó, á sì ta síni lójú. Kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó sì ṣe é níta. Bí aṣọ bá jáde nínú aró, ẹ tẹ́ ẹ kí atẹ́gùn kàn án. Ibi tó bá ká pọ̀ ni àbàwọ́n á wà. Omi híhó ló ń yọ àbẹ́là. Ẹ má dà á sí gọ́tà, á dì síbẹ̀. Bó bá tutù, ẹ kó àbẹ́là tó léfòó, ẹ óò rí i lò fún àsíá ilé tó kàn.