Ọwọ́ Aró

Ọjọ́rú, òru.

Ọwọ́ mi ṣì dúdú bí mo ṣe ń kọ èyí. Èékánná gan-an ni kì í gbọ́; mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, asán ni. Ẹni tó bá ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, mọ ohun tí mò ń sọ. Iṣẹ́ aṣọ ẹbí kan ló wà lọ́wọ́ wa, 150 yáàdì, ìgbéyàwó sì ku ọjọ́ mẹ́wàá péré. Òjò oṣù kẹfà kò sì bá ẹnikẹ́ni dájọ́.

Láti ìdájí ni mo ti ń yọ́ àbẹ́là, tí mò ń fi fóòmù tí a gé bátànì sí tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Bó bá gbẹ, ó di inú aró. Bí aró bá mú, ó di inú omi tó ń hó, kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò, kí ibi tó bò mọ́lẹ̀ sì yọ funfun. Sódà wà nínú aró yìí, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi kan oúnjẹ ọmọ. Bí Bàbá Tóbi ṣe gba ilé ìdáná lọ́wọ́ mi nìyẹn, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo kàn dé lálẹ́ ọjọ́ kan ni, mo bá a tó ń já ewédú, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ṣakí ni ọkọ mi, àmàlà dúdú ni wọ́n fi tọ́ ọ. Àwa Ẹ̀gbá, láfún ni tiwa. Láfún tó kọ́kọ́ rò, kókó inú rẹ̀ tó ẹyin àparò! Tóbi fi ìka yọ ọ̀kan, ó ní, "Dádì, ṣé ẹran nìyí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣa gbogbo kókó náà jẹ fúnra rẹ̀. Ti àná jọ̀lọ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n n kò ní í sọ ọ́ sókè.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó rẹ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àwọn ọmọ sínú abọ́ tí mo fi aṣọ tí kò tíì ṣàn tán sí. Gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ sánmà. Mo pariwo débi pé ìyá onílé yọjú. "Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?" Kò fèsì. Ó lọ ra jíìkì, ó fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò funfun tán, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá onílé yìí kan náà ló bi mí lánàá pé, "Ìyàwó, ṣé ọkọ ẹ ló ń dáná ni?" Mo ní, "Lónìí nìkan ni, mà." Irọ́ ni. Fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ òní, mo ń gba Ṣàpọ́n bọ̀, àwọn kan ń gbẹ́ gọ́tà. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rí ojú wọn. A kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i, bí a mọ̀ ọ́n, bí a ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, kí ni mo ti sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé mi? Iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ ò fọ ìdí ìkòkò. Ẹ pa gáàsì.

Ó kọ̀yìn sí mi, omorogùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Tóbi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó yíjú padà, ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ìta.

"Ta lo bá wọlé?"