Okùn Tó Já Lówùúrọ̀ Òní

Bí mo ṣe ń pààrọ̀ okùn gìtá mi nínú yàrá ní Adó lówùúrọ̀ òní, okùn kìíní, èyí tó tínrín jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, já kí n tó fà á dé ibi tí ohùn rẹ̀ yẹ kí ó dé, ó sì gé mi ní àtàǹpàkò. Kò dùn mí púpọ̀. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé mo nawọ́ mú òmíràn láìronú rárá, bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ tí mo dàgbà sí, okùn tó bá já, ṣe ni a ó so ó pọ̀, tí a ó sì máa ta á lọ.

Gìtá tí mo kọ́kọ́ ní, èmi fúnra mi ni mo kàn án. Àjákù páákó ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni ara rẹ̀, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ Bàámi sì ni okùn rẹ̀, èyí tí mo tú ní fọ́nrán-fọ́nrán ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n sùn. Ìlú tó wà lábẹ́ Òkè Olósùnta kò kúkú tẹ́jú. Nígbà tí Bàámi gun kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, inú igbó ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti rí ibi dúró sí, ohùn gìtá mi ni ó sì tọ́ka ẹlẹ́bi fún wọn nígbà tí wọ́n délé. N kò ní kọ ohun tó tẹ̀lé e síbí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí ní 1996, nígbà tí ọ̀gá ẹgbẹ́ jùjú kan ládùúgbò wa gbà pé kí n máa bá wọn ru ẹrù. Oṣù kejì ọdún náà ni I.K. Dairo kú, oṣù kẹwàá sì ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń dánra wò, ọ̀rọ̀ Dairo pẹ́ nílẹ̀ ju ti ìpínlẹ̀ tuntun lọ. Dairo ló jẹ́ kí àkọ́díọ̀nù, dùùrù tí à ń fẹ́ bí ẹwìrì, gbajúmọ̀ nínú jùjú, ọ̀gá sì máa ń ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó lè fa àkọ́díọ̀nù sókè sódò bí ẹni ń fa okùn, nítorí náà gìtá ni yóò lọ bá a níbi tó wà. Àwa kò ní àkọ́díọ̀nù. Ọ̀fun ọ̀gá ni tiwa: wọn yóò fi ohùn kan lélẹ̀, àwa onígìtá yóò fa okùn wa bá a, bí ọ̀fìnkìn bá sì mú wọn, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò lọ sílẹ̀.

Ó di ọdún kejì kí wọ́n tó gbé gìtá tẹnọ̀ lé mi lọ́wọ́. Gbólóhùn kúkúrú kan náà ni onítẹnọ̀ ń ta níbi ìnáwó òkú àgbà láti alẹ́ títí àkùkọ yóò fi kọ, nígbà tí onígìtá àkọ́kọ́ ń gbé tirẹ̀ fò lókè, tí onígángan sì ń ki àwọn olówó. Owó ₦50, tó tóbi jù lọ nígbà náà, iwájú orí ọ̀gá ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni lẹ ohunkóhun mọ́ tèmi. Lóru ọjọ́ kan, oorun gbé mi lọ lórí ìdúró, ọwọ́ mi sì dákẹ́. Kí n tó lajú, onígángan ti dáwọ́ dúró, àwọn tó ń jó ti ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọ̀gá yíjú sí mi, wọn kò bú mi, inú orin náà gan-an ni wọ́n ti pè mí: “Àbúrò, òpó ti yẹ̀, òrùlé ń bọ̀!”

Ohùn yẹn ni mo fa okùn tuntun bá lónìí. Ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi mọ́ orí gìtá ń tan iná pupa pé mo ti lọ sílẹ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe máa ń wí lọ́jọ́ Ìsinmi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti lọ sílẹ̀ o.” Mo yọ ẹ̀rọ náà, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì ń ta gbólóhùn tẹnọ̀ àtijọ́ náà lọ pẹ̀lú àtàǹpàkò tí mo fi aṣọ dì, títí ìyàwó mi fi kan ilẹ̀kùn láti bi mí bóyá orin yìí kò ní ibi tí yóò parí sí ni.