Ohùn jẹnẹrétọ̀ ni mo fi mọ èyí tó ń jẹun jù: 7950X tèmi àti 13900K ti ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́rùn mi tipẹ́, iṣẹ́ ni ò jẹ́, kò sí Sátidé tí wọn kì í gbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, bẹ́ ò bá rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, ẹ ó rí mi nídìí àmàlà lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ ọmọ LAUTECH, yunifásítì wa níbí, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti bi mí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nípa prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, pé "Bọ̀dá, èwo ni ká rà, AMD ni àbí Intel?" Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, ẹni tó bá tún bi mí, lìǹkì ni màá fi ránṣẹ́ sí i.

Tèmi ni Ryzen 9 7950X ti AMD. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fídíò, ṣọ́ọ̀bù tiwọn wà ní Under G, Core i9-13900K ti Intel ni wọ́n ń lò. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọjà tuntun mọ́ o, ọdún 2022 ni wọ́n jáde, AMD gbé tiẹ̀ jáde ní 27 September, Intel ò jẹ́ kó pé oṣù kan, 20 October ni tiẹ̀ náà dé. 699 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ pe 7950X, wọ́n pe 13900K ní 589. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi ṣírò ẹ̀ sí náírà níbí, mo fẹ́ sùn lálẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ń da àwọn ọmọ yìí láàmú ni pé Intel ní kọ́ọ̀ 24, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ inú prósẹ́sọ̀, AMD ní 16. Wọ́n á ní ṣé 24 ò ju 16 lọ ni? Nínú 24 yẹn, 8 péré ni géńdé, ọmọ kéékèèké ni 16 tó kù. Ẹni tó bá ti ṣe àáró lóko rí, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e: apá kan, géńdé mẹ́jọ ń kọ ebè, ọmọdé mẹ́rìndínlógún ń tẹ̀ lé wọn tí wọ́n ń ṣa koríko; apá kejì, géńdé mẹ́rìndínlógún, kò sọ́mọdé kankan láàárín wọn. Géńdé kọ̀ọ̀kan, ti Intel ni o, ti AMD ni o, lè mú iṣẹ́ méjì dání lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo làwọn ọmọdé yẹn lè mú. Ó yá, ẹ rò ó: 8 lọ́nà méjì jẹ́ 16, ẹ fi ọmọdé 16 kún un, ó di 32. 16 lọ́nà méjì ńkọ́? 32 náà ni. Eré wọn gan-an, 5.8 GHz ni Intel lè sá dé, 5.7 ni AMD, ẹni tó bá fojú rí ìyàtọ̀ yẹn kó wá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi.

Torí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń wo àwọn tó ń fi àwòrán ọ̀pá gígùn ọ̀pá kúkúrú wé wọn lórí YouTube, èyí á borí lónìí, ìyẹn á borí lọ́la, kò tán síbì kan. Àwọn tó ń ṣe fídíò yẹn, iná wọn kì í lọ.

Kí n tó dé ibi iná, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ ara mi to tèmi. Ẹni tó ti lo Ryzen àtijọ́ mọ̀ pé abẹ́ prósẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ni píìnì máa ń wà. Lórí AM5, ìjókòó tí 7950X ń jókòó lé, wọ́n ti kó píìnì lọ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà so mọ́, bíi ti Intel, 1718 ni gbogbo wọn, wọ́n tín-ín-rín bí irun etí ewúrẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ní òun fẹ́ bá mi nu eruku. Kí n tó wí pé "fi í lẹ̀", ó ti fi áńkáṣíìfù gba ojú ibẹ̀, áńkáṣíìfù kọ́ píìnì, mẹ́ta dùbúlẹ̀ gbalaja. Mi ò bá a sọ̀rọ̀, torí pé tí mo bá lanu, ìbínú ló máa jáde. Mo lọ mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ọmọ iṣẹ́ di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú, mo dá èémí dúró, mo ń gbé wọn dìde níkọ̀ọ̀kan, ìyàwó mi yọjú, ó ní "Dádì, ṣé ẹ̀gún lẹ̀ ń yọ fún un ni?"

Nígbà tí mo tanná sí i, fáànù ń yí, ojú skrín dúdú. Ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta. Mo ní ó parí, mo ti pa á. Mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo jáde lọ jẹ láfún níwájú ilé, ọwọ́ mi ò kúkú gbóúnjẹ dáadáa, ìgbà tí mo máa padà wọlé, ó ti tàn, ó ń wò mí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé bí RAM DDR5, ìrántí kọ̀ǹpútà, àti mọ́dábọ́ọ̀dù AM5 bá kọ́kọ́ pàdé, wọ́n máa ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan láti mọ ọwọ́ ara wọn, kì í ṣe àìsàn. Tó bá ṣe yín náà, ẹ má pa á, ẹ má tú u, ẹ lọ jẹun.

Ó yá, ọjọ́ tá a wá gbé àwọn méjèèjì kojú ara wọn. Ìgbéyàwó kan ni, àwa méjèèjì la lọ yà á, aṣọ òfì làwọn ẹbí ìyàwó wọ̀, àlàárì pupa yẹn, àwọ̀ tí kámẹ́rà kì í fẹ́ mú dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ní 4:2:2 10-bit la máa fi yà á, H.265 tó ń fún fídíò pọ̀ kó má gba àyè, kó lè ṣeé tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe. 4:2:2 yìí, ìlọ́po méjì ìsọfúnni àwọ̀ tó wà nínú 4:2:0 tí fóònù ń lò ló máa ń kó pamọ́. Ó dáa púpọ̀. Ìgbà tí mo gbé fáìlì náà sórí 7950X tèmi, prósẹ́sọ̀ tí mo ta kámẹ́rà kan kí n tó rówó ẹ̀ pé o, mo tẹ play, ìyàwó ṣí ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó ṣí ìkejì, ó tún dúró, bíi masquerade tí ìlù ń já mọ́ lójú agbo. Mo lọ sí Under G, ẹ̀gbọ́n gbé fáìlì kan náà sórí tiwọn, ó ń ṣàn bí omi. Wọ́n ń wò mí láti igun ojú. "Ṣé o rí i? Owó tó o kó lé e lórí dà?"

Wọn ò parọ́. Inú Intel yẹn, apá kan wà tó ń jẹ́ Quick Sync, ara ẹ̀rọ àwòrán tó bá prósẹ́sọ̀ wá ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣí fídíò láìyọ àwọn géńdé lẹ́nu, ó sì mọ H.265 4:2:2 ṣí. 7950X náà ní ẹ̀rọ àwòrán kékeré tiẹ̀ nínú, àmọ́ irú fáìlì yìí ò sí nínú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣí. Ṣé káàdì àwòrán ńlá ti Nvidia tí mo rà sí i wá gbà mí ni? RTX 3060 tèmi ò mọ̀ ọ́n, RTX 40 gan-an ò mọ̀ ọ́n, RTX 50 tó jáde ní 2025 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹ̀ wá já lé àwọn géńdé lórí, wọ́n ń fagbára ṣe é. Ọ̀nà àbáyọ ni kéèyàn kọ́kọ́ ṣe proxy, ẹ̀dà kékeré tó fúyẹ́, ká fi ìyẹn gé e, àmọ́ ìyẹn náà gba àsìkò, àsìkò sì ni epo.

Èmi náà ní "ẹ jẹ́ ká export ẹ̀, ká sọ ọ́ di fídíò àṣeparí, ká wò ó," mo sì ní ká má lo káàdì, prósẹ́sọ̀ nìkan ni kó ṣe é. Ibi tá a dé nìyẹn táwọn oníná fi mú iná wọn lọ.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré yìí, I-pass-my-neighbour, ni ẹ̀gbọ́n ní ní ṣọ́ọ̀bù. 650 wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára, èyí tó ń gbé ní tòótọ́ wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Wọ́n fà á, ó ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́ báyìí, kọ̀ǹpútà tàn, a ṣí fídíò, kò yí ohùn padà. Wọ́n tẹ export. Kẹ́ ẹ wá gbọ́ jẹnẹrétọ̀! Ó kọ́kọ́ gbin, bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé léjìká láìsọ fún un, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké fínfín, gílóòbù ń pọ́n, ó ń dúdú, fáànù onídùúró tó wà ní igun ń yí bí ẹni tó ń tòògbé. 253 wáàtì ni Intel fúnra wọn kọ síwèé pé 13900K lè fà, ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ló sì tún máa ń tú okùn ọrùn ẹ̀ sílẹ̀ tí á fi kọjá ìyẹn. Ẹ fi skrín kún un, ẹ fi páǹpù omi tó ń tu ú lára kún un, ẹ fi fáànù, ẹ fi fóònù àwọn kọ́sítọ́mà tí wọ́n wá chárjì kún un. Kò pẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ yẹn húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Export kú sí ìdajì. Ẹ̀gbọ́n ò wò mí mọ́.

Ẹ má rò pé tèmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. 170 wáàtì ni wọ́n kọ sára 7950X, irọ́ onísòwò ni, 230 ló lè fà tó bá ń sáré. Gbígbóná ńkọ́? Dígírì 95 ni wọ́n dá a pé kó máa sáré dé, kò ní kọjá ẹ̀, ti Intel jẹ́ 100, ẹ wá gbé ìyẹn sínú yàrá onípáànù nínú oṣù kẹta, kẹ́ ẹ ti fèrèsé torí eruku. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú BIOS tèmi, ètò inú mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní Eco Mode. Mo gbé e sí 65, ìyẹn túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó lè fà ò ju 88 wáàtì lọ. Mo fi jẹnẹrétọ̀ ilé tèmi dán an wò, irú kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n. Mo tẹ export, mo tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, bíi pé ẹnì kan kàn gbé ọmọ kékeré lé e lẹ́sẹ̀, ó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Àsìkò tó fi pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ ò ju ìgbà téèyàn fi jẹ àgbàdo sísun kan lọ. Mi ò dá a padà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n náà wọ BIOS tiwọn, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ sí 125 wáàtì. Ó ṣe dáadáa, jẹnẹrétọ̀ ò kú mọ́. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ń so wọ́n lọ sísàlẹ̀, AMD ló ṣì máa ń ṣiṣẹ́ jù, torí ọ̀nà ìṣe 5nm ti TSMC, iléeṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe é, ni wọ́n fi ṣe kọ́ọ̀ tiẹ̀, èyí tí Intel sọ ní Intel 7 ni wọ́n fi ṣe 13900K. Kí n má báa rẹ́ ẹ̀gbọ́n jẹ o: bó bá jẹ́ pé ẹ kàn jókòó, ẹ ń ka lẹ́tà, ẹ ń dáhùn WhatsApp, Intel ló ń jẹun díẹ̀ jù. Tèmi, torí pé ó pín sí yàrá méjì tó ń ké síra wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kì í sùn dáadáa. Ẹni tó bá ń fi ínfátà ṣọ́ òru máa mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ tó tún kù ni ti 2024 tí gbogbo ayé ń pariwo pé 13900K àti 14900K ń dákú. Òótọ́ ni, Intel fẹnu ara wọn sọ ọ́, wọ́n ní fólítéèjì tó ń wọ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n fi ọdún méjì kún ìdánilójú tí wọ́n ṣe fún èyí tó wà nínú páálí, wọ́n sì gbé àtúnṣe BIOS jáde, 0x129 ní August, 0x12B tẹ̀ lé e ní September. Ti ẹ̀gbọ́n ò dákú o, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni wọ́n rà, ta ló mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ìyẹn kọ́ ni ìṣòro wa, ìṣòro wa ni pé tí iná bá lọ nígbà tí BIOS bá ń yí padà lọ́wọ́, mọ́dábọ́ọ̀dù lè di pákó lásán. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀gbọ́n fi ń sún un síwájú. Ìgbẹ̀yìn, ilé mi ni wọ́n gbé e wá, a so ó mọ́ ínfátà, a yọ fíríìjì, a ní kí ẹnikẹ́ni má tan tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn, ẹ̀gbọ́n ò jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tẹ́ ẹ bi mí, ẹ gbọ́: tówó yín ò bá tó, tẹ́ ẹ sì ti ní RAM DDR4 nílé, Intel iran 13 bíi ti ẹ̀gbọ́n lè lò ó, AM5 ò gbà á, DDR5 nìkan ni. Àmọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù Intel yẹn ti dópin síbi iran 14, Core Ultra 9 285K tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́. 9950X ti AMD wọ inú tèmi yìí, tówó bá dé. Bó bá jẹ́ fídíò 4:2:2 lẹ ó máa gé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá jẹ́ Blender tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, kódù, export gígùn lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ wá sọ́dọ̀ mi.

Bá a ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn: tá a bá ti ya ìgbéyàwó tán, Under G la ó ti gé e, màá wá gbé hard disk sínú báàgì, màá gun ọ̀kadà padà sílé, ọ̀dọ̀ mi la ó ti export. Ẹ̀gbọ́n ló ń ra epo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí, wọ́n ní gálọ́ọ̀nù tí àwọn gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ó ti tán ni, mo sì gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tiwọn lẹ́yìn ohùn wọn, ó ń ké fínfín.