Àyẹ̀wò ọdún 2024: èmi nìkan, àpò mẹ́rìnlá

Àpò ìrẹsì mẹ́rìnlá ló wà ní pálọ̀ mi, kò sí hóró ìrẹsì kan nínú wọn. Mosfet (ẹ̀yà kékeré tó ń gbé iná nínú inverter), kapásítọ̀, tiransfọ́mà kéékèèké, bọ́ọ̀dù tí wọ́n tú lára UPS: ọjà àṣẹ́kù tí mo ń rà ní Alábà lọ́wọ́ àwọn tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Màá kó o wá sí Ìbàdàn, màá ṣà á, màá dán an wò, màá wá fi lé mọ́tò fún àwọn ẹnjiníà tó ń tún inverter ṣe, láti Ìlọrin títí dé Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Onírin Wẹ́wẹ́. Lórí WhatsApp, "sà" ni wọ́n ń pè mí, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi.

Ọjà tà lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti yọ̀ sí i. Lóṣù kẹwàá, lítà bẹntiróòlù kan kọjá ₦1,000. Oṣù yẹn kan náà ni iná ìjọba dákú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ẹni tí inverter rẹ̀ ti kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló gbé e jáde, fóònù mi ò sì sinmi. Àmọ́ epo yẹn náà ni mọ́tò ń rà. Ẹrù tí awakọ̀ ń gba ₦800 lé lórí níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ₦2,000 ni wọ́n ń pè é nígbà tí Kérésì ń bọ̀. Ẹnjiníà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ní: "Mọ́mì, ẹ bá mi waybill kapásítọ̀ kan." Ẹyọ kan, ₦150! Mo ní kó ní sùúrù kí ẹlòmíì níbẹ̀ ra nǹkan, kí n lè pa ẹrù wọn pọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án kó tó rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ ti gbé inverter rẹ̀ lọ.

Lóṣù kẹta, mo ra àpò kan tí wọ́n ní mosfet IRF3205 nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ki òwú bọ inú oògùn tí wọ́n fi ń pa kùn èékánná rẹ́, mo nu orí ọ̀kan. Dúdú yọ sára òwú, nọ́ńbà náà bá a lọ. Mo gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì: nọ́ńbà mìíràn ló ń yọjú lábẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá kun ògiri tí orúkọ onílé àtijọ́ ṣì ń hàn. Mo nu èyí tí mo mọ̀ dájú pé gidi ni, lẹ́tà rẹ̀ ò mira. Owó àpò yẹn wọgbó. Ẹni tó tà á fún mi ní òun náà rà á ni, mo sì gbà á gbọ́ díẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù, ọwọ́ ara mi ló ti wá. Alẹ́ ni, kò síná, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi. Agolo mosfet IRFZ44 àti ti IRF3205 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ara dúdú, ẹsẹ̀ mẹ́ta, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n iná tí Z44 ń gbé kò tó ìdajì ti 3205. Mo di Z44 méjìlá ránṣẹ́ sí Iléṣà dípò 3205. Ẹnjiníà yẹn jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, oníbàárà ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, gbàù! Kò bú mi. Fọ́tò ló fi ránṣẹ́: "Ìyá, ẹ wo nọ́ńbà yìí." Mo sanwó gbogbo rẹ̀. Kí n ru ẹrù lọ sí gáréèjì Ìwó Road lágogo márùn-ún àárọ̀, mo lè ṣe é. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa wí lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé, "Agolo ọ̀tún lẹ gbé o." Láti ìgbà náà, orí wọ́dúróòbù ní yàrá ni Z44 ń gbé.

Ibà dè mí mọ́lẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin lóṣù kẹjọ, ọjà náà bá mi dùbúlẹ̀. Mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò. Owó oṣù tèmi? Ẹ má bi mí.

Agolo kan wà tí mo fẹ́ kó fún oníkòńdẹ́ẹ̀mù: 2N3055, tiransísítọ̀ àtijọ́, olórí irin. Láti oṣù kìíní, ẹyọ kan ò tà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù yìí, bàbá kan pè láti Ṣakí, ampilifáyà ni wọ́n ń tún ṣe. "Ṣé olórí irin ni, àbí oníke?" Mo ní olórí irin ni, bàbá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Mẹ́fà ni kẹ́ ẹ dì fún mi."

Ó wà lórí tábìlì báyìí, mọ́tò Ṣakí á gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́fà ni.