Owó Ọgbà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń jà kí ilẹ̀ etí omi àdúgbò yín di ọgbà ìgbafẹ́ gbogbo ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Brooklyn ní ìlú New York ni mo ń gbé, lápá Williamsburg, kò jìnnà sí ibi tí omi Bushwick Inlet ti ya wọ inú ilẹ̀ láti East River. Ọ̀rọ̀ ọgbà tí ìjọba ìlú ṣèlérí fún wa níbẹ̀ ṣì ń dùn mí wọra, ó sì dá mi lójú pé ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ ni ojú ẹ̀yin náà ń rí lọ́wọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú New York yí òfin lílo ilẹ̀ etí odò padà ní Greenpoint àti Williamsburg. Ilé iṣẹ́, ilé epo àti ilé ìkẹ́rùsí ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin tuntun fàyè gba ilé gbígbé gogoro. Wọ́n ní nítorí èrò tó máa pọ̀ sí i, a ó ní ọgbà tó tó éékà 28. Inú wa dùn. Ilé gogoro dé, ọgbà ò dé. Pápá bọ́ọ̀lù kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí, ẹ bá mi di ibí yìí mú: wọ́n yí òfin padà kí wọ́n tó ra ilẹ̀ ọgbà tán. Bí wọ́n ṣe ní ẹ lè kọ́ ilé gogoro sí etí odò, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ di ọ̀wọ́n gógó, títí kan èyí tí wọ́n ṣèlérí fún wa. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ ilẹ̀ tó fẹ́ rà di ọ̀wọ́n. Ẹnu dùn ún ròfọ́, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò tó ìdajì ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni iná ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2015. Ilé ìkẹ́rùsí CitiStorage, tó wà láàárín ilẹ̀ tó yẹ kó di ọgbà gan-an, ni iná ń jó. Ìwé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn àti ti ilé ẹjọ́. Otútù mú débi pé omi panápaná ń di yìnyín bó ṣe ń kan ilẹ̀. Èéfín gba ojú ọ̀run, ìwé tó jó dé ìdajì ń fò bọ̀ sí òpópónà. Ọ̀kan já sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ mi. Iná ti jẹ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ aláìsàn kan ṣì hàn gbangba lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí. Mo dà á dojú bolẹ̀, mo sì ti ẹsẹ̀ mi lé e títí ẹni tó ń ṣa ìwé fi dé. Àṣírí ẹni ẹlẹ́ni ni.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pè mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé wọn ò ní tà á fáwọn olówó báyìí?" Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà." Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ pé àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro ti ń wo ilẹ̀ náà. A lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba kan nípàdé, fóònù ló ń tẹ̀ nígbà tí a ń sọ̀rọ̀, ó ní kò sí owó. Ọjọ́ yẹn burú ju ọjọ́ iná lọ fún mi. Ìyá arúgbó kan tó ti ń gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn láti 2005 ká páálí rẹ̀ sí abíyá, ó jáde, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

A jà títí, àwọn kan nínú wa pa àgọ́ sùn síbẹ̀ ní 2016. Ìlú fi mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ ẹni tó ni ilẹ̀, kò gbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn wọ́n fẹnu kò sí mílíọ̀nù 160. Bí a ṣe gba ilẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ilẹ̀ òyìnbó. Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ibẹ̀ ni mo ń san owó orí sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti ń wá ibi tí wọ́n máa sáré sí.

Ẹ máa ya fọ́tò ilẹ̀ náà, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ìlérí, ẹ má jẹ́ kí àwọn àgbà àdúgbò rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ béèrè ta ni yóò fọ ilẹ̀ náà mọ́, torí ilé epo àti ilé gáàsì àtijọ́ fi májèlé sílẹ̀ nínú tiwa, ríra ilẹ̀ nìkan kò sọ ọ́ di ọgbà. Ṣùgbọ́n owó ni, ẹ̀yin ará mi, owó ni! Kí wọ́n ra ilẹ̀ ọgbà kí wọ́n tó buwọ́ lu ilé gogoro kankan. Bí wọ́n bá ní ẹ ní sùúrù, ẹ ní kí wọ́n fi iye owó hàn yín. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́lé, èèyàn gbọ́dọ̀ rí ibi gbé. Ohun tí mo ń sọ ni èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní New York, ọjọ́ 1 oṣù Keje ni ọdún ìnáwó ìlú ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà ìrúwé sì ni ìgbìmọ̀ aṣòfin máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú lórí rẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìwé ìnáwó, kí wọ́n fi orúkọ ọgbà yín hàn yín, àti iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀.