Funfun kékeré tó wà nínú fọ́tò àyà yín

Gbólóhùn tó máa ń dá àwọn èèyàn padà wá bá mi jù lọ ni "calcified granuloma", ìyẹn àpá kékeré tó ti le nínú ẹ̀dọ̀fóró. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ o. Iṣẹ́ tèmi ní Ìbàdàn níhìn-ín ni kí n ya fọ́tò: ẹ gbé àyà ti pátákó, ẹ mí sínú, ẹ sé èémí, ó ti tán. Dókítà tó ń ka fọ́tò ló ń kọ èsì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tèmi ló wà lójú ọ̀nà, èmi ni wọ́n sì ń bi pé, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe jẹjẹrẹ?"

Kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú àpá kì í jọ ojú ara, ti inú ẹ̀dọ̀fóró náà kò yàtọ̀. Kòkòrò ikọ́ ife lè ti wọ èèyàn lára láti kékeré, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń wúkọ́. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé ó ti wọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn èèyàn ayé lára, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní ṣàìsàn rẹ̀ láéláé. Ara á yí kòkòrò náà ká, á sé e mọ́. Tó bá pẹ́, calcium á gbára jọ síbẹ̀, èròjà kan náà tó ń mú egungun le, ìdí nìyẹn tó fi ń funfun báláú nínú fọ́tò. Ó máa ń kéré, etí rẹ̀ á hàn gedegbe. Kò nílò oògùn. Kì í sì í ṣe ikọ́ ife nìkan ló ń fà á: ọmọ àbúrò mi tí wọ́n bí sí Ohio ní irú ẹ̀, níbẹ̀ èbu inú ilẹ̀ tí ẹyẹ àti àdán ń yàgbẹ́ sí ló sábà ń dá a sílẹ̀.

Èyí tí mo máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì ni àpá tó fà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ẹ̀dọ̀fóró. Ó máa ń sún kì, á fa ohun tó wà nítòsí mọ́ra, kódà ó lè fa ọ̀nà èémí kúrò láàárín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lo oògùn ikọ́ ife oṣù mẹ́fà parí ló ní in, kì í pa rẹ́. Ẹni tí kò lo oògùn rí ńkọ́? Kòkòrò lè ṣì sùn síbẹ̀, kó jí nígbà tí àtọ̀gbẹ tàbí HIV bá sọ ara di aláìlágbára. Bí àìsàn náà bá sì fi ihò sílẹ̀, èbu lè wá gbára jọ sínú rẹ̀, kí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá tipẹ́ ṣàdédé máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn.

Fọ́tò kan ṣoṣo kì í lè sọ bóyá àpá ti kú tàbí ó ṣì wà láàyè. Obìnrin kan ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba. Ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, tó fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ ní Ìlú Ọba, gbọ́dọ̀ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife kó tó gba físà. Wọ́n rí àpá lókè ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n ní kó wá tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike. GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ń sọ èsì tirẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń dúró wo bóyá kòkòrò á hù nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà, ìyẹn sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń pa á lẹ́kún. Mo bi í bóyá ó ní fọ́tò àtijọ́. Èyí tó yà nígbà tó ń wọ yunifásítì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo! Àpá náà wà níbẹ̀, kò yí padà. Kò dín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kù, àmọ́ ó rí oorun sùn.

Ẹ̀yin kẹ̀, ẹ ń ju tiyín nù. Bàbá kan ní òun gé tòun fi wo oòrùn lọ́jọ́ tí òṣùpá bò ó ní oṣù Kẹta 2006, ohun tí kò tilẹ̀ dáa fún ojú. Ẹ tọ́jú fọ́tò, ẹ kọ déètì sí i, bí CD bá wà ẹ gbà á. Ẹ má tìtorí gbólóhùn kan lọ ra oògùn ikọ́ ife ní kẹ́míìsì. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Bí ikọ́ bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ ń làágùn lóru, tí ẹ ń rù, ẹ má dúró de fọ́tò kankan, ẹ lọ tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò.